Láptọ́ọ̀pù mi kọ̀ kò wọ Wáífáì school, fóònù mi ń wọ̀ ọ́ ní tiẹ̀. Ẹ gbà mí o

Ọmọ_Odogunyan · Túsìdé, 7:42 alẹ́

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ó ti sú mi ni.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà yìí ni wọ́n ti ṣe Wáífáì tuntun sí school wa ní Ìkòròdú níbí. Kì í ṣe irú ti tẹ́lẹ̀ o, tẹ́lẹ̀ páàsíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri líbúrárì tí gbogbo wa ń lò, àní mọ́là tó ń sun súyà níwájú gate mọ̀ ọ́n lórí ju èmi lọ. Èyí tuntun yìí, matric number ẹ lo máa fi wọlé, pẹ̀lú páàsíwọ́ọ̀dù tó o fi ń wọ portal. Fóònù mi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tiẹ̀ yọ mí lẹ́nu. Láptọ́ọ̀pù ló wá di wàhálà sí mi lọ́rùn.

HP ni, UK used, Windows 10, ẹ̀gbọ́n mi ló rà á fún mi nígbà tí mo rí admission. Bátìrì ẹ̀ ti kú pátápátá, orí iná ni mo máa ń lò ó, wọ́n bá ti mú iná òun náà kú nìyẹn. Tí mo bá tẹ orúkọ Wáífáì yẹn á bi mí ní username àti password, mo máa tẹ̀ ẹ́, á wá máa yí, á máa yí, á tún máa yí, ìgbẹ̀yìn á ní "Can't connect to this network". Kò ní sọ ohun tó ń ṣe é. Kò ní páàsíwọ́ọ̀dù ni kò dáa, kò ní nǹkan kan. Mo ti fi lẹ́tà ńlá tẹ matric number, mo ti fi kékeré tẹ̀ ẹ́, mo fi slash sí i, mo yọ slash kúrò, mo ti pààrọ̀ páàsíwọ́ọ̀dù lórí portal lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó forget network yẹn kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo tiẹ̀ gbàdúrà sí i, mi ò purọ́.

Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé ní Mọ́ńdè àná ó wọlé o! Mo jókòó sí líbúrárì láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo wa PDF méjì jáde, mo ṣe project mi dé ìdajì, inú mi ń dùn. Bó ṣe ń di nǹkan bí aago kan wọ́n mú iná, kí jẹnẹrétọ̀ tó dìde láptọ́ọ̀pù ti kú, àtìgbà yẹn kò wọlé mọ́. Ọmọ kan nínú họ́sítẹ̀lì wa ní Wi-Fi card ló ti bàjẹ́, àmọ́ tí mo bá tan hotspot fóònù mi láptọ́ọ̀pù yìí kan náà ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, àfi pé àwọn wẹ́bùsáìtì kan máa ń kọ "Your connection is not private" gàdàgbà sí mi lójú, mo ṣáà gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Odogunyan ni. Ẹlòmíì ní kí n lọ flash Windows tuntun sí i.

Dátà ti jẹ owó mi tán, Fúráídè ni mo máa submit. Ẹ gbà mí.

---

Sharp_Sharp · Túsìdé, 8:05 alẹ́

Bọ̀bọ́ má da ara ẹ láàmú, nǹkan kékeré ni. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní 200 level. Lọ sí Control Panel, Network and Sharing Center, tẹ "Set up a new connection or network", wá mú "Manually connect to a wireless network". Kọ orúkọ Wáífáì yẹn bó ṣe wà gẹ́lẹ́ o, lẹ́tà ńlá ní lẹ́tà ńlá, torí tó o bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo kọ, Wáífáì míì lò ń wá yẹn. Ní ibi security mú WPA2-Enterprise. Tó bá ti ní òun ti fi kún un, tẹ "Change connection settings", lọ sí Security, PEAP (ọ̀nà tí páàsíwọ́ọ̀dù ẹ máa gbà dé ọ̀dọ̀ wọn) ni kó wà níbẹ̀, tẹ Settings. Wàá rí ibi tí wọ́n kọ "Verify the server's identity by validating the certificate". Yọ máàkì ibẹ̀ kúrò!! Lẹ́yìn ìyẹn tẹ Configure nísàlẹ̀, yọ máàkì ibi tó ní òun fẹ́ fúnra òun lo orúkọ Windows ẹ, torí tí ìyẹn bá wà níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ṣí láptọ́ọ̀pù ẹ ló máa gbé lọ fún wọn dípò matric number. OK, OK, OK, ó parí. Wá ra mineral fún mi.

---

Àǹtí_Waya · Túsìdé, 8:31 alẹ́

Àbúrò, dákun má tíì yọ máàkì yẹn. Sharp_Sharp, ibi Configure tó o sọ yẹn dáa, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ti òkè yẹn, iná wà lórí òrùlé o ní kó lọ sùn.

Ọmọ_Odogunyan, dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́ta. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó o tó wọ Wáífáì yẹn, ṣé nǹkan kan wà tó o yí padà lára láptọ́ọ̀pù? Tó o bá tan án lẹ́yìn tí iná bá dé, ṣé ó máa ń kọ nǹkan kan sójú dúdú kí Windows tó wọlé? Ìkẹta, wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún báyìí, kí ni date tó wà níbẹ̀? Má lọ wo fóònù ẹ o, ti láptọ́ọ̀pù ni mo ní kó o wò.

Gbólóhùn "not private" tó o sọ yẹn ló jẹ́ kí n bi ẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Odogunyan kọ́.

---

Bàbá_Ebute · Túsìdé, 9:10 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ yìí ń gbádùn, ẹ ò mọ̀ ni. Nígbà tiwa, sáíbà café la máa ń lọ sùn ní Sábó, overnight browsing, aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà ìdájí, ẹ̀fọn á jẹ ẹ́ títí wàá gbàgbé ohun tó o wá wò. Kò sí certificate kankan. Tíkẹ́ẹ̀tì lo máa rà.

---

Ọmọ_Odogunyan · Túsìdé, 9:48 alẹ́

Ẹ ṣé mà. Ẹ má bínú, kí n tó rí ọ̀rọ̀ yín mo ti ṣe ohun tí Sharp_Sharp sọ, ó sì WỌLÉ o. Mo ti wà lórí ẹ̀ láti ìgbà díẹ̀, mo lọ sí ẹ̀yìn líbúrárì lálẹ́ yìí nítorí ẹ̀, àmọ́ Google kò ṣí, YouTube kò ṣí, portal gan-an kò ṣí, gbogbo ẹ̀ ló ń kọ "Your clock is behind".

Ní ti ìbéèrè yín, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó ni, 1 January 2016 ló wà níbẹ̀! Ó máa ń kọ nǹkan sójú dúdú lóòótọ́, Real-Time Clock Power Loss, pẹ̀lú 005 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní kí n tẹ Enter, mo máa ń tẹ̀ ẹ́, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo rò pé bí HP ṣe ń kí èèyàn nìyẹn. Mọ́ńdè yẹn sì rèé, ẹ̀ẹ́ẹ̀n, mo rántí: mo yí date láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, torí assignment tí mo tẹ̀ ní Fúráídè tó kọjá, date tó fúnra ẹ̀ kọ sórí ìwé jẹ́ 2016, lẹ́kíṣọ́rà bi mí níwájú kíláàsì pé ṣé láti prámárì ni mo ti ṣe é sílẹ̀. Ṣé date ló fa gbogbo eléyìí? Kí ni date kàn nínú ọ̀rọ̀ Wáífáì?

---

Àǹtí_Waya · Túsìdé, 10:20 alẹ́

"Bí HP ṣe ń kí èèyàn." O pa mí lẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ mi ti ń bi mí pé kí ló dé.

Ó kàn án gan-an. Wò ó, Wáífáì ilé, páàsíwọ́ọ̀dù kan ni gbogbo ilé jọ ń lò. Irú ti school yín yìí, WPA2-Enterprise, kálukú ló ní tiẹ̀. Tó o bá tẹ orúkọ àti páàsíwọ́ọ̀dù ẹ, kì í ṣe àpótí funfun tí wọ́n kàn mọ́ àjà yẹn ló ń dá ẹ lóhùn, ńṣe lòun kàn ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín ìwọ àti server kan tó ń jẹ́ RADIUS, òun ló ní orúkọ gbogbo yín lọ́wọ́. Àmọ́ kí láptọ́ọ̀pù ẹ tó sọ àṣírí ẹ fún un, òun náà á kọ́kọ́ ní, ìwọ ta ni, mú ìwé ẹ wá kí n rí i. Server á mú sátífíkéètì jáde. Ọjọ́ tí sátífíkéètì yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà lára ẹ̀, ọjọ́ tó máa kú náà wà níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù á wá wo aago ara ẹ̀. Aago tiẹ̀ ní 2016 la wà, ìwé ẹni ẹlẹ́ni sì ní lẹ́nu ọdún díẹ̀ sí ìsinsìnyí ni wọ́n ṣe òun, láptọ́ọ̀pù á ní irọ́ lò ń pa, wọn ò tíì bí ẹ. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Kò ní sọ fún ẹ pé nítorí ọjọ́ ni, ìyẹn ni inú mi kì í dùn sí lára Windows, á kàn ní òun ò lè connect, wàá wá máa pààrọ̀ páàsíwọ́ọ̀dù tí kò ṣẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣe wẹ́bùsáìtì tí wọ́n ń kọ "not private" sí ẹ. Gbogbo https ló ń béèrè irú ìwé yẹn. Fóònù ẹ kò ní wàhálà torí lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì SIM ló ti ń gba aago.

Ọ̀rọ̀ wá kan máàkì tó o yọ. Lọ dá a padà lálẹ́ yìí, mi ò ṣeré. Tó o bá yọ ọ́, ńṣe lo sọ fún láptọ́ọ̀pù pé kó má bi ẹnikẹ́ni pé ta ni ẹ́ mọ́. Ẹnì kan lè jókòó sídìí ẹ̀wà àgọ̀nyìn níwájú gate yín lọ́la, kó tan Wáífáì láti inú láptọ́ọ̀pù tiẹ̀, kó fún un lórúkọ school yín gẹ́lẹ́, láptọ́ọ̀pù ẹ á sáré wọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀, o lè má mọ̀.

---

Sharp_Sharp · Túsìdé, 10:34 alẹ́

Àǹtí ẹ ti ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ o. Ọdún mẹ́ta ni mo fi lò ó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó jí nǹkan kan. Wọ́n sì ti fi MSCHAPv2 bo páàsíwọ́ọ̀dù yẹn, kì í lọ ní ìhòòhò. Ta ló fẹ́ jókòó ti ẹ̀wà nítorí matric number?

---

Àǹtí_Waya · Túsìdé, 10:52 alẹ́

O ò mọ̀ bóyá wọ́n jí i, ìyẹn lo fẹ́ sọ.

Lóòótọ́ kì í lọ ní ìhòòhò, ó máa ń lọ̀ ọ́ kúnná kó tó fi ránṣẹ́. Àmọ́ láti 2012 ni Moxie Marlinspike àti David Hulton, àwọn méjì tó ń wádìí ààbò kọ̀ǹpútà, ti fi hàn ní DEF CON, ìpàdé àwọn hacker, pé gbogbo lílọ̀ tí MSCHAPv2 ń lọ nǹkan yẹn, kọ́kọ́rọ́ DES (irú ìlọ̀ àtijọ́ kan) kan ṣoṣo ló já sí, ẹni tó bá sì rí i gbà lè tú u, kó fi ohun tó bá rí níbẹ̀ wọlé ní orúkọ ẹ. Páàsíwọ́ọ̀dù tó bá wá rọrùn, bí orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin pẹ̀lú 123, kò tiẹ̀ ní pẹ́ tí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n gan-an. Ohun tó ń dáàbò bo MSCHAPv2 nínú Wáífáì school ni ọ̀nà PEAP tó gbà kọjá, ọ̀nà yẹn kò sì wúlò tó ò bá mọ ẹni tó dúró lẹ́nu ẹ̀. Páàsíwọ́ọ̀dù yẹn kan náà ló sì ń ṣí portal. Ẹni tó bá wọ portal ọmọ yìí lè lọ yọ course ẹ̀ kúrò ní ọjọ́ tí registration fẹ́ pa, èmi ti rí i kí wọ́n ṣe é fún ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni wọ́n tìtorí ẹ̀ jà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rárá.

Ọmọ_Odogunyan, tó o bá ti dá máàkì padà, àpótí kan wà lábẹ́ ẹ̀, "Connect to these servers". Lọ bá àwọn ICT school yín lọ́la kí wọ́n fún ẹ ní orúkọ server tó yẹ kó wà níbẹ̀ àti CA (ẹni tó fọwọ́ sí sátífíkéètì yẹn) tó yẹ kó o máàkì, bí wọ́n bá dáńgájíá á wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ síta. Tí Windows bá sì bi ẹ́ lọ́jọ́ kan pé "Continue connecting?", tẹ ibi tó ní òun máa fi certificate hàn, fi wé èyí tí wọ́n fún ẹ kó o tó gbà. Pààrọ̀ páàsíwọ́ọ̀dù portal náà lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá ní mo fẹ́ pa ẹ́.

---

Rìpíà_Sábó · Wẹ́sìdé, 6:55 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Aájò ni gbogbo ìyẹn, ibi tí àrùn wà rèé: bátìrì kékeré inú láptọ́ọ̀pù yẹn ti kú, tí wọ́n ń pè ní CMOS. Òun ló ń tọ́jú aago nígbà tí kò bá sí iná lára ẹ̀rọ. Tí bátìrì ńlá bá ṣì dáa, èèyàn lè pẹ́ kó tó mọ̀ pé kékeré ti kú, torí ńlá lè máa gbà á dúró. Tìẹ, ńlá ti kú, kékeré ti kú, wọ́n bá ti mú iná báyìí aago á gbàgbé ibi tó wà á padà síbi tí wọ́n bí i sí. Ìyẹn ni 005 tó ń kọ sí ẹ, kì í ṣe ìkíni o hahaha. UK used tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kó tó gun ọkọ̀ ojú omi wá, bí wọ́n ṣe máa ń wà nìyẹn.

CR2032 ni, fólìtì 3, rìbìtì bíi kọ́ìnì. Kò wọ́n rárá. Àmọ́ má lọ ra ti rìmóòtù lásán o, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù HP ni wọ́n ti fi wáyà pupa àti dúdú sí ara ẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tó bò ó, wáyà yẹn ló ń wọ inú bọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́ tú u kó o wo èyí tó wà nínú tìẹ, tàbí kó o gbé e wá. Kó o tó tú u, yọ iná kúrò lára ẹ̀, yọ bátìrì ńlá náà bó tiẹ̀ ti kú. Wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ pé kó o jẹ́ kí wọ́n sóódà, má gbà, kò nílò sóódà.

Kó tó di ìgbà yẹn, tó o bá ti tan án, kó o tó ṣe nǹkan kan, tún date ṣe fúnra ẹ, wo time zone náà kó wà ní West Central Africa. Lẹ́yìn ìyẹn Wáífáì.

---

Ọmọ_Odogunyan · Wẹ́sìdé, 10:17 àárọ̀

Ó yé mi wàyí. Mo tún date ṣe, mo dá máàkì padà, ó wọlé pẹ̀lú máàkì yẹn lórí, Google ń ṣí. Ẹ̀yin ICT wa fún mi ní orúkọ server, ó tiẹ̀ wà lára pátákó níwájú ọ́fíìsì wọn láti ìjọ́ tọ́jọ́, èmi ni mi ò gbójú sókè.

Ìbéèrè kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn: Windows ṣáà máa ń fúnra ẹ̀ gba aago látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ló dé tí kò gbà á nígbà tí mo wà lórí hotspot?

---

Àǹtí_Waya · Wẹ́sìdé, 1:03 ọ̀sán

Ó máa ń gbà á, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Láptọ́ọ̀pù ara ẹni tí kò sí lábẹ́ domain (ìyẹn ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ tàbí school ń darí), tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín aago ẹ̀ àti ti íntánẹ́ẹ̀tì bá ti ju wákàtí 15 lọ, Windows kì í gbà á, á rò pé ẹnì kan ló fẹ́ tan òun jẹ. Ìwọ fi bí ọdún mẹ́wàá pẹ̀yìn. Lórí Wáífáì school ló tún wá burú jù: kí láptọ́ọ̀pù tó rí aago gbà ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, kó tó wọlé aago gbọ́dọ̀ ti pé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọwọ́ ẹ lo máa fi tún un ṣe, títí wàá fi rí bátìrì yẹn rà.

---

Epe_Gbáyé · Wẹ́sìdé, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Tèmi jẹ́ fóònù, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Android. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń mú "Do not validate" níbi CA certificate, báyìí mi ò rí i mọ́, mo ra fóònù tuntun ni. Ó ń bi mí ní "Domain". Domain wo?

---

Àǹtí_Waya · Wẹ́sìdé, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Láti Android 11 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyẹn kúrò, ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ ni ohun tí èmi àti Sharp_Sharp ń jà lé lórí lókè. Mú "Use system certificates", domain ni orúkọ server tí ICT yín bá fún ẹ, bíi nǹkan tó ń parí sí edu.ng. Tó bá jẹ́ pé CA tí school fúnra wọn ṣe ni wọ́n ń lò, wọ́n ní láti fún ẹ ní fáìlì ẹ̀ kó o kọ́kọ́ fi sórí fóònù. Tí eduroam, Wáífáì tí àwọn school káàkiri ayé jọ ń lò, bá wà ní school yín, òun náà nìyí o, láti 2002 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Yúróòpù, òfin ẹ̀ kan náà ni, àfi pé orúkọ ẹ gbọ́dọ̀ ní @ àti orúkọ school lẹ́yìn ẹ̀, kó lè mọ ilé ẹni tó máa lọ bi léèrè. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé @ yẹn.

---

Sharp_Sharp · Wẹ́sìdé, 9:30 alẹ́

OK mo ti gbọ́. Mo ti dá tèmi náà padà. Ó kọ̀ kò wọlé. Ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe date tèmi náà, mo wò ó, ó pé.

---

Àǹtí_Waya · Wẹ́sìdé, 9:41 alẹ́

Ṣé o kọ orúkọ server síbẹ̀, àbí o kàn dá máàkì padà lásán? Wo Settings Wáífáì náà bóyá "Random hardware addresses", tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù máa pààrọ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀, wà ní On. Tí school yín bá ń ka iye ẹ̀rọ tí èèyàn lè mú wá, ìyẹn á jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù kan dà bíi mẹ́ta lójú wọn.

---

Sharp_Sharp · Wẹ́sìdé, 9:58 alẹ́

Ó wà ní On, mo ti pa á. Ó ti wọlé. Ẹ má sọ nǹkan kan.

---

Ọmọ_Odogunyan · Sátidé, 11:26 àárọ̀

Mo ti submit o, àná, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n pa á. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá Rìpíà ní Sábó lónìí, oníwáyà pupa àti dúdú ló wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ó pààrọ̀ ẹ̀ lójú mi, mi ò tíì mu omi tí mo rà tán tó ti parí. Mo ní kó yọ iná kúrò lára ẹ̀ kí n wò ó, ó yọ ọ́, a jókòó, a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù díẹ̀, ó tan án padà, aago pé, 005 kò yọjú. Ó jọ pé ọwọ́ mi ti mọ́ Enter yẹn ṣá, ìka mi ti lọ síbẹ̀ kó tó ṣí.

Bátìrì ńlá ló kù. Ó sọ iye tí wọ́n ń ta á fún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Odogunyan.